Ibi tí epo ti ń kán kọ́ ló ti ń jò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí epo tó ń jò lára máṣíìnì àtijọ́ pọ̀ gan-an, ó sì yé mi. Nígbà tí lítà bẹntiróòlù kan ò tíì pé 200 náírà, tí máṣíìnì èèyàn bá ń kán tó-tó-tó lábẹ́, á ní kò burú, iṣẹ́ ṣáà ń lọ. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan sì wá kọjá 1,000 náírà lọ́dún tó tẹ̀lé e, kálukú ti ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ máṣíìnì ẹ̀. Mo mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà yẹn. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ohun tó wà nínú ẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ àwọn tó kù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Honda CG125 ni mo ń gùn, bàbá mi ló ni í tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fà á lé mi lọ́wọ́, ó ti lé lọ́dún 25 báyìí, òun ni mo fi ń kó ẹrù lọ sọ́jà. Ó ti tó oṣù méjì tó ti ń jo epo. Tí mo bá gbé e kalẹ̀ lálẹ́, tó bá fi máa di àárọ̀ ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ á ti rin, epo á ti ṣàn bá ẹ́ńjìnnì dé ibi tí mò ń gbẹ́sẹ̀ lé. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ó ṣì ń jò. Ìkejì ní kabúrétọ̀ ni, mo ra tuntun, ó dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ karùn-ún ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta wá ní táǹkì ló ti lu, ká gbé e lọ fún wẹ́dà kó jó o. Owó ti tán lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe? (Ọlọ́kadà kan, Ìwó)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Má gbé táǹkì yẹn lọ fún wẹ́dà, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mi ò sọ pé àwọn mẹkáníìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta purọ́ o, ó ṣeé ṣe kí kálukú wọn rí nǹkan tó sọ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí epo ti ń kán ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ibi tó ti ń jò. Bẹntiróòlù kì í já bọ́ níbi tó bá ti jáde. Á rá pálá gba abẹ́ táǹkì, á bá ara táàpù (ibi tá a ti ń yí epo tì, tá a sì ti ń ṣí i) sọ̀kalẹ̀, á tẹ̀lé họ́ọ̀sì, á yí abọ́ kabúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnnì) po, ibi tó bá rẹlẹ̀ jù níbẹ̀ ló ti máa kán. Ìwọ á wá rí i lábẹ́ kabúrétọ̀, wàá ní kabúrétọ̀ ni. Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù, mo tú kabúrétọ̀ oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ rọ́bà tó wà láàárín táàpù àti táǹkì ló ti sán.

Nínú lẹ́tà ẹ, ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo fa ìlà sí nídìí. Kabúrétọ̀ tuntun tó ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ mẹ́rin tó wá yí padà, nǹkan kan ló wọ inú ẹ̀ láti òkè. Wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: epo á kúrò nínú táǹkì, á gba táàpù, á gba họ́ọ̀sì, á wọ abọ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀. Nínú abọ́ yẹn fùlóòtì kan wà tó ń léfòó bí igbá lórí omi. Bí epo bá ṣe ń kún ni fùlóòtì ń gbéra sókè, òun lá wá ti nídùlù kékeré kan sókè kó lọ dí ẹnu ihò tí epo ń gbà wọlé, epo bá lọ sílẹ̀, fùlóòtì bá a lọ, ihò ṣí. Gbogbo ẹ̀ ò ju pé kí orí nídùlù yẹn jókòó pa sẹ́nu ihò ẹ̀. Tí hóró ìpẹtà kan ṣoṣo tí ò tó èérún iyọ̀ bá há síbẹ̀, ihò ò lè dí mọ́, epo á máa wọlé ṣáá, á kún, á wá gba túúbù tí wọ́n ṣe fún àkúnwọ́sílẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Asẹ́ tó wà lórí táàpù nínú táǹkì ni ògiri yẹn, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé tìẹ ti ya.

Ṣùgbọ́n má tìtorí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ kó o bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan, yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ ná. Láàárọ̀ kùtù tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, gbé máṣíìnì sí gbangba ìta, kó jìnnà sí iná ìdáná, sí jẹnẹrétọ̀ àti sí ẹni tó ń mu sìgá. Má jẹ́ kí táǹkì kún dénu, torí epo máa ń wú lóòrùn, lítà 10 tí oòrùn bá mú gbóná sí i ní ìwọ̀n 20 á fi nǹkan bíi 200 mílílítà pọ̀ sí i, ìdérí lá gbà jáde, á sì tàn ẹ́ jẹ. Yí táàpù sí OFF. Wò ó dáadáa kó o tó nu ohunkóhun: epo tó ti ń jò fún oṣù méjì máa ń fi ojú ọ̀nà sílẹ̀, àbàwọ́n kan tó pọ́n bíi tíì tó gbẹ mọ́ kọ́ọ̀bù, ibi tí àbàwọ́n yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè ni kó o dì mú lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo ẹ̀ títí kò fi ní sí ọ̀rinrin kankan, kó o fọ́n páúdà ọmọdé sí i, tàbí kó o lọ ẹfun kúnná kó o fi pa á. Ibi tí epo bá kọ́kọ́ kàn, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣú.

Fi sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. Tó bá jẹ́ ẹnu ibi tí táàpù ti wọ táǹkì ló rin, rọ́bà tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ló ti kú. Tó bá jẹ́ ìdí ọwọ́ tó ò ń yí, rọ́bà pẹlẹbẹ oníhò tó wà nínú táàpù ló ti gan. Tó bá jẹ́ ara táǹkì fúnra ẹ̀ ló rin, lókè táàpù, ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ táǹkì. Tí gbogbo ẹ̀ bá gbẹ táútáú, yí i sí ON, má tàn án, kó o tún dúró. Epo tó bá jáde láti túúbù ìsàlẹ̀ abọ́ kabúrétọ̀, ọ̀rọ̀ fùlóòtì àti nídùlù nìyẹn, tó bá rin yíká ibi tí abọ́ ti pàdé ara kabúrétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì abọ́ ni tàbí kó jẹ́ súkúrúù ẹ̀ ló dẹ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn mẹkáníìkì lọ́kàn rú. O ní òru ló ń jò. Ṣé o máa ń ti táàpù lálẹ́? Tí o bá ń tì í tó ṣì ń jò nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, a jẹ́ pé àìsàn méjì ló wà lára máṣíìnì kan: nídùlù ò dí, táàpù náà ò tì. Lára máṣíìnì àtijọ́ méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀ ni, torí ìpẹtà kan náà ló ń jẹ wọ́n. Yí i sí OFF, yọ họ́ọ̀sì lẹ́nu kabúrétọ̀, fi ẹnu ẹ̀ sínú ìgò, kó o dúró. Èyí tó wà nínú họ́ọ̀sì á ro tán, kò gbọdọ̀ sí èyí tó máa kán lẹ́yìn ẹ̀.

Tó bá jẹ́ bí mo ṣe rò ló rí, iṣẹ́ tó wà ńlẹ̀ nìyí. Ro gbogbo epo inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì, kó o jẹ́ kó gba inú aṣọ funfun kọjá. Tó o bá rí hóró pupa lórí aṣọ yẹn, ẹjọ́ ti parí. Tú táàpù kúrò. Túúbù kan wà lórí ẹ̀ tó nà wọ inú táǹkì, òun ló ń fún ẹ lépo nígbà tó bá wà ní ON, ihò tó wà nísàlẹ̀ ni ti rìsááfù, ìyẹn epo ìpamọ́, asẹ́ sì bo méjèèjì. Tí asẹ́ bá ti ya tàbí tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ra odindi táàpù tuntun. (Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì kò sí níbẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àwọn kan máa ń yọ ọ́ dànù pé kì í jẹ́ kí epo sáré, ìwà ìkà gbáà ni sí máṣíìnì.) Mo mọ̀ pé wọ́n ń ta rọ́bà inú ẹ̀ lọ́tọ̀, tó o bá rí èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́ rà á, owó kékeré ni, àmọ́ táàpù tí ojú irin ibi tí rọ́bà ti ń yí bá ti ha, rọ́bà tuntun ò lè ràn án lọ́wọ́.

Táǹkì fúnra ẹ̀, fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, dí ihò táàpù, da fínígà kún inú ẹ̀, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣí ìpẹtà lára irin, iṣẹ́ kan náà ni fínígà ń ṣe, kíkan ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Tí ìpẹtà bá ki, so ṣéènì kékeré kan tó mọ́ mọ́ okùn, jù ú sínú ẹ̀ kó o mì ín káàkiri, okùn yẹn lo máa fi fà á jáde. Tó o bá da fínígà nù, fi omi tí o po béékìn sódà sí ṣàn án kí kíkan ẹ̀ kú, fi omi lásán ṣàn án, sá a sóòrùn kó gbẹ dénú, bó bá sì ṣe gbẹ báyìí ni kó o da epo díẹ̀ tó o po ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì mọ́ sínú ẹ̀, mì ín kó kan gbogbo ara. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú fínígà, tó o bá fi sílẹ̀ lásán di ọjọ́ kejì, á ti pọ́n padà.

O ò nílò kabúrétọ̀ mìíràn. Tú abọ́ ẹ̀, fa pín-ìnnì fùlóòtì yọ, wo orí nídùlù lójú oòrùn. Tí àpá bá ti yí orí ẹ̀ po bí ìgbà tí okùn bá jẹ igi, pààrọ̀ ẹ̀. Tí kò bá sí, fọ̀ ọ́, kó o fi òwú tó mu epo nu ẹnu ihò tó ń jókòó sí. Má ki abẹ́rẹ́ ìránṣọ bọ ihò kankan nínú kabúrétọ̀ o, báráàsì rọ̀, ihò tó bá ti fẹ̀ sí i ò ṣeé dá padà mọ́, máṣíìnì á máa mu epo bí ọ̀mùtí. Mi fùlóòtì sétí, tí nǹkan bá ń dún nínú ẹ̀, epo ti wọ ọ́, kò lè léfòó mọ́. Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù wá nìyí: dojú kabúrétọ̀ délẹ̀ kí fùlóòtì fi ìwúwo ara ẹ̀ tẹ nídùlù, ki họ́ọ̀sì tuntun tí kò tíì kan epo bọ ẹnu ibi tí epo ń gbà wọlé, fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́. Kò gbọdọ̀ kọjá. Dá a padà sójú ẹ̀, fẹ́ ẹ, ó gbọ́dọ̀ kọjá fàlàlà. Túúbù báráàsì kékeré kan tún wà tó dúró ṣánṣán nínú abọ́ yẹn, tó bá ti sán lára, á máa jò bí o tiẹ̀ pààrọ̀ nídùlù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bu epo sínú abọ́ nìkan, gbé e lé páálí gbígbẹ fún 10 ìṣẹ́jú, páálí á sọ òótọ́ fún ẹ.

Nígbà tó o bá ń tò ó padà, họ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún epo ni kó o lò. Mi ò fẹ́ gbọ́ họ́ọ̀sì lẹ́fùlù tí àwọn bíríkìlà ń lò, epo á jẹ ẹ́ títí á fi gan bí igi, á wá sán lẹ́nu. Klíìpù ni kó o fi dè é, wáyà tín-ín-rín máa ń rẹ́ họ́ọ̀sì ni. Rọ́bà túúbù táyà tí wọ́n máa ń gé we nǹkan, bẹntiróòlù ń mú un wú ni. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fà yí ẹnu abọ́ kabúrétọ̀ náà, epo á bó o ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wẹ́lẹ́ yẹn ló máa lọ dí jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni kó o wọ̀ fún un. Kó o wá fi fíltà kékeré sáàárín họ́ọ̀sì.

Kó o tó tàn án, yẹ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì wò, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í rántí èyí. Epo tó bá kún kabúrétọ̀ lóru kì í jáde síta nìkan, ó lè gba ẹnu ẹ́ńjìnnì wọlé kó bá ẹ̀gbẹ́ pístìn sọ̀kalẹ̀ lọ pò mọ́ ọ́ìlì. Tí ọ́ìlì bá ti ga ju àmì lọ, tàbí tó ń rùn bẹntiróòlù, dà á nù pátá kó o ra tuntun, kò ju bíi lítà kan lọ. Láti 1976 ni Honda ti ń ṣe irú máṣíìnì yìí, ẹ́ńjìnnì tó ní sùúrù ni, ó sin bàbá ẹ, ó ń sìn ìwọ náà, ọ́ìlì tí epo ti là sì lè pa á láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Má sì jẹ́ kí ìnáwó yìí bà ọ́ lẹ́rù. Ká ní 20 ẹ̀kán epo ló ń jẹ́ mílílítà kan. Tó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 180 mílílítà ni láàárín wákàtí kan, tó o bá sùn fún wákàtí 8, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan àbọ̀ tó wọlẹ̀ lọ. Ṣe ìṣirò oṣù méjì.

Tí páúdà bá wá fi hàn pé táǹkì ló lu lóòótọ́ ńkọ́? Ihò bí ojú abẹ́rẹ́, ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò títí irin á fi funfun, táǹkì á wà lófìfo, á gbẹ, kó o fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń po méjì pọ̀ dí i, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀ pé ó lè gba bẹntiróòlù, kó o fún un ní odindi ọjọ́ kan. Tó bá ti jẹ́ pé ìdí táǹkì ti jẹ káàkiri, wá táǹkì tòkunbọ̀ tó mọ́ nínú. Wẹ́dà ni mi ò fẹ́. Táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, torí èéfín epo tó pò mọ́ atẹ́gùn nínú ẹ̀ ló ń bú. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, wọ́n gbé táǹkì kan wá tí wọ́n ti sá sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo wa la fimú gbọ́ ọ pé kò rùn mọ́. Bí iná ṣe kàn án ló dún bí ìbọn, irin ìdí ẹ̀ fò, ó la iwájú orí wẹ́dà yẹn. Ó yè é, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ ojú ẹ̀ òsì ò ríran mọ́ títí dòní.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé n'Íbàdàn. Bàbá àwọn ọmọ mi máa ń gbé máṣíìnì wọn wọ pásééjì lálẹ́ torí àwọn olè, ó sì ń jo epo. Wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á da epo inú abọ́ padà sínú táǹkì. Mo ní òórùn ẹ̀ ń dà mí láàmú, wọ́n ní òórùn ò ń pààyàn. Ẹnu ọ̀nà yàrá wa ni mo ti ń fi sítóòfù dáná. Ṣé èmi ni mò ń ṣe àṣejù ni? (Ìyá ọmọ mẹ́ta, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ò ṣe àṣejù rárá, màmá. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé ìwé yìí fún bàbá kí wọ́n kà á, kí wọ́n má bínú sí mi.

Òórùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, epo náà ni, ó kàn ti di èéfín ni. Bẹntiróòlù ò ní kó gbóná kó tó tú irú èéfín tó lè gbiná, kódà tó bá tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 40 lábẹ́ òdo, ibi tí omi ti di òkúta tipẹ́, ó ṣì ń tú u. Èéfín yẹn wúwo ju atẹ́gùn lọ. Kì í gòkè lọ bí èéfín igi, ilẹ̀ ló ń rá bí ejò, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn, á lọ kó jọ síbi tó bá rẹlẹ̀. Ẹ wá wò ó: sítóòfù yín, ilẹ̀ ló wà. Kọ́ìlì tí ẹ fi ń lé ẹ̀fọn, ilẹ̀ ló wà. Àbẹ́là tí ọmọ fi ń kàwé, ilẹ̀ náà ni. Iná ò ní láti kan máṣíìnì, èéfín yẹn lá gbé iná láti ẹnu ọ̀nà yín padà sídìí máṣíìnì ní ìṣẹ́jú akàn. Pásééjì yẹn náà sì ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn ará ilé máa gbà jáde.

Abọ́ yẹn ló wá burú jù. Epo tó kán sílẹ̀ á tètè gbẹ, àmọ́ èyí tó wà nínú abọ́ ẹlẹ́nu gbọọrọ máa ń tú èéfín láti ìrọ̀lẹ́ dàárọ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ẹni tó bá ra epo lówó gọbọi ò ní fẹ́ kó ṣòfò, ṣùgbọ́n ẹ gbé abọ́ yẹn kúrò lónìí.

Títí wọ́n á fi tún un ṣe, ìta ni kí máṣíìnì máa sùn, kí wọ́n fi ṣéènì ńlá àti pádọ́ọ̀kù dè é mọ́ irin fèrèsé tàbí òpó. Tí wọ́n bá ti wọ àdúgbò kí wọ́n ti táàpù, kí máṣíìnì fi epo tó kù nínú kabúrétọ̀ gbé wọn délé, bí kò bá sí epo nínú abọ́ ẹ̀, kò sí ohun tó máa kán. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá jí tí òórùn ẹ̀ kún inú ilé, ẹ má ṣáná, ẹ má tan iná ẹlẹ́ńtíríìkì, ẹ má pa á, torí súwíìṣì náà máa ń ta pàrà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ká tó wá ti máṣíìnì síta. Kí garawa yanrìn kan wà ní pásééjì. Omi ò ń pa iná epo, epo á léfòó lórí ẹ̀ ni, á gbé iná kiri.

Ní September 2023, iná ọmọ ọ̀ràrá ṣẹ́ yọ ní Sèmè-Kraké, létí ẹnubodè Nàìjíríà àti Benin, níbi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí. Ó ju èèyàn 30 lọ tó kú níbẹ̀, ọmọ ọwọ́ wà lára wọn. Epo tó pọ̀ ni tiwọn lóòótọ́, àmọ́ irú epo kan náà ló wà nínú abọ́ yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Kétu ni mí, zémijan ni mò ń ṣe. Kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò, la máa ń rà jù níbí. Họ́ọ̀sì mi kì í pẹ́ kó tó gan, kabúrétọ̀ á máa kún, á máa ṣàn. Ṣé epo yẹn ló fà á? (Ọlọ́kadà, Kétu, Benin)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Alákétu, mo kí yín o. Tó bá jẹ́ ti kíkún kabúrétọ̀, ó lè jẹ́ epo ni lóòótọ́, torí epo tó ti inú kẹ́ẹ̀gì bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, tó ti inú dúrọ́ọ̀mù bọ́ sínú ìgò, ibi tó bá dé ló ti ń mú ìdọ̀tí. Àmọ́ ìgò yẹn ní àǹfààní kan tí ilé epo ò ní, ojú ń rí inú ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sókè sí oòrùn kí wọ́n tó dà á. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa wà bí ẹyinjú, ìdọ̀tí náà á jókòó tì í. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Kí àrọ tí wọ́n fi ń dà á ní aṣọ lẹ́nu, kí fíltà sì wà lójú họ́ọ̀sì, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ lóòrèkóòrè torí kò wọ́n.

Ti họ́ọ̀sì tó ń gan, mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ irú họ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ń rà wò. Èyí tó funfun tó ń dán bíi gíláàsì, tí wọ́n ń gé tà ní mítà-mítà, kì í ṣe tepo. Ẹ tún wò ó bóyá ó ń fara kan ẹ́ńjìnnì tàbí sálẹ́ńsà, ooru máa ń pa á kíákíá.

ÌBÉÈRÈ: London ni mo wà, mo ra Honda ọdún 1982 kan tí mo fẹ́ tún ṣe. Kò jò nígbà tí mo rà á, lẹ́yìn oṣù mélòó kan gbogbo ẹnu họ́ọ̀sì ẹ̀ ti ń rin. Mi ò gùn ún rárá o. (Ọmọ Ìjẹ̀bú, London)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé epo ibẹ̀ ni. Láti September 2021, E10 ló ti di epo tí wọ́n ń tà fún gbogbogbòò ní Britain, ẹ́tánọ́ọ̀lù (irú ọtí kan) tó wà nínú ẹ̀ lè tó 10 nínú 100. Rọ́bà ọdún 1982, wọn ò ṣe é fún un, á wú tàbí kó sán. Ẹ́tánọ́ọ̀lù tún máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìyẹn ló ń bá táǹkì tó dúró sójú kan jà. Super unleaded ni kẹ́ ẹ máa rà, E5 ni, ẹ́tánọ́ọ̀lù inú ẹ̀ kì í ju 5 nínú 100 lọ. Ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì sí èyí tí wọ́n kọ R9 sí lára, ìyẹn èyí tó lè gba ẹ́tánọ́ọ̀lù, ẹ pààrọ̀ àwọn rọ́bà táàpù àti gásíkẹ́ẹ̀tì abọ́ kabúrétọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má mú un ní ìkọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀ fún ìgbà òtútù, ẹ ti táàpù, ẹ ro epo inú abọ́ kabúrétọ̀ dànù. Àwa náà ti rí irú ẹ̀ nílé ní February 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ju òṣùwọ̀n lọ wọ Nàìjíríà, tí ìjọba fúnra ẹ̀ jáde sọ ọ́ pé àwọn ti ń kó o kúrò lọ́jà. Rọ́bà tí mo pààrọ̀ láàárín ìgbà yẹn ò níye.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni pé ọṣẹ ń dí táǹkì tó ń jò? (Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, àbúrò. Ọṣẹ ìfọṣọ líle, kì í ṣe olómi. Bẹntiróòlù ò lè yọ́ ọṣẹ bí omi ṣe ń yọ́ ọ, ìyẹn ló fi ń dúró. Tí ojú ọ̀nà bá ká èèyàn mọ́ tí táǹkì sán lẹ́nu ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, nu ibẹ̀, fi ọṣẹ gbígbẹ ra á títí á fi wọ ojú ibi tó sán, fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á gbé e délé. Àmọ́ òjò kan ṣoṣo á fọ̀ ọ́ kúrò, tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń gbọ̀n púpọ̀ á já. Lórí kabúrétọ̀ tó ń kún, má fi ọṣẹ sí ibì kankan, ibẹ̀ ò lu, nídùlù ni kì í dí, ọṣẹ yẹn á wulẹ̀ wọ inú jẹ́ẹ̀tì ni. Tí oníbàárà bá sì ní kó o fi ọṣẹ dí i kóun máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀, sọ fún un pé kò kọjá kó fi gbé e délé, kó o má gba owó iṣẹ́ lórí ẹ̀, kó o dá ọjọ́ tó máa gbé e padà wá fún un kó tó kúrò lọ́dọ̀ ẹ.